Kí Ẹnikẹ́ni Tó Fọwọ́ Kan Ẹ̀yìn Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbo ọjà

   

Ìyálọ́jà ní kí àwa akọ̀wé sọ̀rọ̀ lónìí lórí ẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ̀yìn ọ̀la o, ẹ̀yìn tí a fi ń pọ̀n ọmọ ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa kà, nítorí náà ẹ má retí gẹ̀ẹ́sì ńlá lẹ́nu wa. Ohun tí a bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì là yé wa, ni a ó sọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkùnrin tó gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré wá sẹ́yìn páàkì lóṣù tó kọjá. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé àwòrán egungun kọ́, ó ní chiropractor ni òun. Ó ń gbowó, ó ń yí ọrùn, ó ń tẹ ẹ̀yìn, egungun ń dún tá-tá. Àwọn kan nínú wa dìde níbẹ̀, wọ́n ní ara àwọn fúyẹ́. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tí a kò ní dárúkọ, ẹni ọdún 68, ó yí ọrùn tirẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni màmá kò fi lè wo ọ̀tún. Èyí tó tún burú jù ni pé ọkùnrin náà ní kí wọ́n má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́. Ó ní egungun ọrùn tó yẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru, òun sì ti dá a padà sí àyè rẹ̀. Màmá gbà á gbọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù, tí ẹ̀jẹ̀ ti ga kọjá bó ṣe yẹ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Wọ́n ti padà sídìí igbá wọn, wọ́n wà láàárín wa níbí, àwọn fúnra wọn ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Nígbà tí àwa ìgbìmọ̀ lọ bá ọkùnrin yìí pé kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn wá, ó ní ó wà nílé, òun ń lọ mú un bọ̀. Títí di òní, kò tíì ti ilé dé.

Láti ìgbà náà ni ọjà ti pín sí méjì. Àwọn kan ní olè ni gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ chiropractor. Àwọn kan ní kí a wá ọkùnrin náà padà, pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: apá méjèèjì ló ṣì í. Iṣẹ́ yẹn wà, àwọn tó kọ́ ọ dójú àmì sì wà. Ẹni tó bá mọ bí ojúlówó ṣe rí ni ayédèrú kì í tètè mú. Àwa aláṣọ kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ ojúlówó ànkárá, bó bá ti fọwọ́ kan ayédèrú báyìí, á mọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Chiropractor, ẹnu wa kì í yí i dáadáa, nítorí náà "oníṣẹ́ ẹ̀yìn" la ó máa pè é. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú egungun ẹ̀yìn, oríkèé ara àti ẹran ara tó dì mọ́ ọn ni. Kì í fi abẹ́ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ.

Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Daniel David Palmer, tí wọ́n bí ní Kánádà lọ́dún 1845. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti sin oyin, ó ti ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà bíi tiwa ni. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ wo aláìsàn. Ní oṣù September 1895, ó pàdé ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Harvey Lillard, tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́. Etí Lillard ti di fún ọdún púpọ̀. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ níbi tó há, nǹkan dún lẹ́yìn òun, etí òun sì di. Palmer tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ní etí náà là. Báyìí ni Palmer ṣe sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gbà pé títẹ ẹ̀yìn ń la etí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ẹ̀yìn fúnra wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Palmer rò pé egungun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn. Ẹ kíyè sí i, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin ẹ̀yìn páàkì ń tà fún màmá wa.

Lọ́dún 1897, Palmer dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1906, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń wo aláìsàn láìgba àṣẹ. Ọdún 1913 ni ìpínlẹ̀ Kansas kọ́kọ́ ṣe òfin tó fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀yìn ní ìwé àṣẹ. Louisiana ló ṣe é kẹ́yìn, ní 1974. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín, ọdún 61 ni. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n ń tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, tí wọ́n ń ṣètò ìdánwò. Ìjọba kò déédéé fi egungun aráàlú lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nísinsìnyí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ìlànà kan jáde lọ́dún 2005. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin kọ́ ọ tọwọ́tẹsẹ̀, wákàtí tí yóò lò pẹ̀lú olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ dín ní 4,200. Wákàtí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé igba! Ní Amẹ́ríkà, wọn á ti kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ nípa egungun, iṣan, ọpọlọ, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán X-ray, àti àìsàn oríṣiríṣi. Wọ́n ń kọ́ nípa àìsàn kí wọ́n lè mọ èyí tí kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n sì lè ní, "Màmá, ẹ lọ sí ọsibítù." Lẹ́yìn náà ni ìdánwò, lẹ́yìn ìdánwò ni ìwé àṣẹ. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1994 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ wọn sílẹ̀, General Chiropractic Council. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní chiropractor. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ wa ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ. Níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé omi, ẹ̀yìn dì, wọn kò lè nà tán. Ọmọ wọn kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò nínú ìwé ìgbìmọ̀ kó tó mú wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ti múra pé wọn á dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó tẹ ẹ̀yìn, kó parí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni obìnrin náà fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ọmọ wọn ń túmọ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó bi wọ́n: irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé ẹrù? Orí kí lẹ ń jókòó lé láti àárọ̀ dalẹ́? Ọmọ mélòó lẹ bí? Ọdún wo ni nǹkan oṣù yín dúró? Ṣé ẹ ti ṣubú rí? Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé ìtọ̀ ń jáde dáadáa? Ṣé ẹ ń rù láìmọ ìdí? Ó wá bi wọ́n pé: Màmá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Kí lẹ máa ń rò lóru?

Ìyá aláṣọ ní ibẹ̀ ni omi ti dà lójú àwọn. Gbèsè wà nílẹ̀. Ọjà tí wọ́n fi owó ẹ̀yáwó rà kò tà, ẹni tó kó àjọ ti sá. Wọn kò sọ fún ọmọ, wọn kò sọ fún ọkọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń jí ní aago méjì òru. Ọmọ wọn tó ń túmọ̀ ní, "Màámi, ẹ kò sì sọ fún mi?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Obìnrin yẹn wá ṣàlàyé pé ara tí kò sùn, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ìrora máa ń le sí i lára rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ń dun wọ́n lóòótọ́, kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo gbogbo ènìyàn náà: iṣẹ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ àti èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ní kí wọ́n rìn, ó fi òòlù kékeré kan orúnkún wọn. Ó ní òun kò ní yí ọrùn wọn rárá, ọjọ́ orí wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ tọ́jú ìbàdí, ó kọ́ wọn ní eré ìdárayá mẹ́ta tí wọn á máa ṣe nílé, ó kọ lẹ́tà sí dọ́kítà nípa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n lọ, ó ní ó tó.

Ẹ fi ìyẹn wé ọkùnrin ẹ̀yìn páàkì. Ṣé ó bi ẹnikẹ́ni nínú wa ní ìbéèrè kan, yàtọ̀ sí pé èló wà lọ́wọ́ yín?

Àwa náà bi nọ́ọ̀sì pé ṣé iṣẹ́ yìí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó ní ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ ti dára jù. Ní December 2023, WHO gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára. Àwọn ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ara, eré ìdárayá, ìtọ́jú ọkàn, fífi ọwọ́ tẹ egungun ẹ̀yìn láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìfọwọ́ra, àti àwọn oògùn ìrora kan. Wọ́n ní kí a má fi ìgbàdí lásán ṣe ìtọ́jú. Kì í ṣe àwa nìkan ni ẹ̀yìn ń dùn o. WHO ní lọ́dún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò sí ẹ̀rí pé títẹ ẹ̀yìn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìrọ́mọbí tàbí wárápá. Ẹni tó bá ní ó ń wò wọ́n, ẹ sá fún un. Ìró tá-tá tí ẹ ń gbọ́ yẹn náà, kì í ṣe egungun tó yẹ̀ ló padà sáyè. Afẹ́fẹ́ inú omi tó wà láàárín oríkèé ló ń dún, bí ìgbà tí a bá fa ìka wa. Ọrùn sì nìyí: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá yí i lójijì, iṣan náà lè ya, ènìyàn sì lè rọ lápá kan. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwa tí nǹkan oṣù wa ti dúró, egungun wa ń fẹ́lẹ́, ó lè sán bí wọ́n bá fi agbára tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ó ní, akọ̀wé, Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, níbo la ó lọ? Òótọ́ ni, oníṣẹ́ ẹ̀yìn tó kàwé rẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn fisiọ wà. Physiotherapist ni wọ́n ń jẹ́ ní kíkún. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn, àwọn yunifásítì mìíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn náà mọ egungun àti iṣan, àwọn náà ń fi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn, wọ́n sì ń kọ́ni ní eré ìdárayá. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹ ó rí wọn ní ọsibítù ńlá ìjọba. Ẹ ní kí dọ́kítà júwe yín sí wọn.

Àwọn teguntegun wa náà wà, a kò kẹ́gàn wọn. Àwọn bàbá wa mọ egungun kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá kán, tí ó wú, tí ó ń dúdú, ẹ má fi igi àti okùn dì í pa. Ẹ gbé e lọ ya fọ́tò egungun kíákíá.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn wa, ìbéèrè márùn-ún ni kí a bi í. Ìkíní: níbo lẹ ti kọ́ ọ, ọdún mélòó? Ìkejì: ìwé àṣẹ dà, ìgbìmọ̀ wo ló fún yín? Ìkẹta: kí lẹ rò pé ó ń ṣe mí, kí lẹ sì fẹ́ ṣe? Ìkẹrin: kí ló lè bàjẹ́ níbẹ̀? Ìkarùn-ún: ìgbà mélòó ni mo máa wá, èló ni gbogbo rẹ̀? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ má lo oògùn dọ́kítà mọ́, ẹ má dúró gbọ́ ìyókù. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò gba ìfọwọ́tẹ̀ rárá, ọsibítù tààrà ni. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ìtọ̀ kò jáde, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀. Bí ìdí tàbí ojú ara bá kú tí a kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ. Bí ibà, òógùn òru àti rírù bá tẹ̀ lé ẹ̀yìn dídùn, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ egungun ẹ̀yìn. Bí a bá ti ní jẹjẹrẹ rí. Bí ó bá jẹ́ pé a ṣubú, tàbí ọ̀kadà gbé wa ṣubú. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ ta ọjà ọjọ́ náà tán.

Oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí a ń fi omi tútù gbé mì láràárọ̀, ẹ jẹ́ ká dẹwọ́ rẹ̀. Ó ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti lò ó fún ọdún mẹ́ta. Ọgbẹ́ inú ló dá wa dúró.

Ohun tí a lè ṣe nídìí igbá wa kò gba owó. Ẹ pààrọ̀ àpótí kúkúrú yẹn, ẹ wá èyí tí orúnkún yín kò ní ga ju ìdí lọ. Ẹ má jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán. Bí oníbàárà kan bá lọ, ẹ dìde, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ rìn dé ìsọ̀ kejì, ẹ kí ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fa ẹrù mọ́ àyà, kí ẹ má yí ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Àpò ẹ̀lùbọ́ ńlá, ẹ pín in sí méjì, tàbí kí ẹ pe aláàárù. Owó aláàárù kò tó owó ọsibítù. Ẹ̀yìn dídùn lásán kò ní ká sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Rírìn díẹ̀díẹ̀ ló ń tètè tú u.

Ẹrù tó wà lọ́kàn náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan. Nítorí ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹni tí gbèsè bá dé bá, kó wá bá Ìyálọ́jà tàbí àwa akọ̀wé ní kọ̀rọ̀. A ó bá a wá ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dé ìsọ̀ kejì.

Ìpinnu kejì nìyí: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú wọ ọjà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ han ìgbìmọ̀. Bí ìwé náà bá wà nílé, kí bẹ́ẹ̀dì náà wà nílé pẹ̀lú.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ̀yìn tí a fi pọ̀n àwọn ọmọ wa, òun la ó fi pọ̀n ọmọ ọmọ. Ẹ̀yìn gbogbo wa á dára o. Àṣẹ.